Àpò ìtọ̀ ń dùn yín, àyẹ̀wò ò rí kòkòrò: ìtọ́jú wo ló bá yín mu?

Obìnrin kan wà tó ń ṣa obì ní Sábó, Ṣàgámù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kẹ́míìsì mi, kò jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun. "Aǹtí, ẹ bá mi mú oògùn infẹ́ṣọ̀n tó le jù lọ," ló wí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, abẹ́ ìdodo ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fún aṣọ tútù níbẹ̀. Tó bá tọ̀ tán, ara á tù ú díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ìrora náà á tún dé. Mo tà á fún un. Nígbà tó di oṣù kejì ó tún wá, mo tún tà á. Ìgbà kẹta ni mo tó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní láàbù kí kòkòrò lè hù. Kòkòrò kankan ò hù. Ó tún un ṣe, èsì kan náà ni. Ó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú káńtà mi, ó gbá ìwé èsì náà mọ́ àyà, ó ní, "Àbí orí mi ni àìsàn yìí wà ni?"

Kì í ṣe orí rẹ̀. Nítorí rẹ̀ àti nítorí àwọn tó dà bí i rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí: àwọn tó ti ra oògùn infẹ́ṣọ̀n títí tí wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n tún rà mọ́. Àìsàn tí mò ń sọ ni àwọn dókítà ń pè ní interstitial cystitis, wọ́n sì tún ń pè é ní bladder pain syndrome. Ẹ há orúkọ méjèèjì sórí, ẹ ó nílò wọn níwájú dókítà. Bárakú àpò ìtọ̀ ni èmi ó máa pè é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò ìtọ̀

Awọ kan ló tẹ́ inú àpò ìtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí awọ náà ni ohun kan wà tó ń yọ̀ bí omi ilá, òun ló ń ṣe ààbò kí iyọ̀ àti ohun kíkan inú ìtọ̀ má baà fara kan ẹran abẹ́ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní bárakú yìí, ó jọ pé ààbò yẹn ti ṣá. Ìtọ̀ á máa rin wọ ibi tí kò yẹ, awọ á wú, á pọ́n, iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ á sì jí, kò sì ní tètè sùn mọ́. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò sórí ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Obìnrin ló ń ṣe jù. Ó ń ṣe ọkùnrin náà, wọ́n a sì máa tọ́jú irú wọn bí ẹni tó ní próstéètì fún ọdún gbọọrọ.

Ní 1915, Guy Hunner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe egbò pupa kan tó ń rí nínú àpò ìtọ̀ àwọn obìnrin tó ń jẹ irú ìrora yìí. Egbò Hunner ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ní in, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ẹni tó bá ní in yàtọ̀, a ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí ketekete, nítorí mo ti rí ilé tó fẹ́ẹ́ tú nítorí rẹ̀: kò ràn. Kì í ṣe àtọ̀sí. Kì í ṣe ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò ni wọ́n ti kó o, kì í sì í ṣe àmì pé ìyàwó tàbí ọkọ rìn ìrìn kan. Ìbálòpọ̀ lè máa dun obìnrin tó ní in, bó bá sì sá fún un, ìrora ló ń sá fún. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé òun ni

Kò sí ìtọ́jú kankan tó yẹ láti yàn kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ìlànà àwọn dókítà ni pé kí ìrora tàbí ìnira náà ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má sì rí kòkòrò tàbí ìdí mìíràn tó fà á. Ẹ gba ìtọ̀ àárín sínú ike mímọ́ tí láàbù bá fún yín: ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ tó gbe ike sí i. Ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò kankan mì, nítorí oògùn tó wà lára lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀ kó má hù. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ lójú ẹsẹ̀ kò tó. Èyí tí wọ́n ń gbìn, tó ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ni kí ẹ béèrè.

Àtọ̀gbẹ, òkúta inú àpò ìtọ̀, fáíbírọ́ìdì tó jókòó lé àpò ìtọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn ló lè mú kí èèyàn máa tọ̀ ṣáá. Ẹni tó ń wẹ̀ nínú odò tàbí tó dàgbà létí odò tún gbọ́dọ̀ yẹ àtọ̀sí ajá wò, ìyẹn kòkòrò tí ìgbín kéékèèké inú omi ń gbé, tó ń mú kí ìtọ̀ pọ́n. Praziquantel ló ń pa ìyẹn, kò sì wọ́n. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí ibà ń gbóná tí ẹ̀gbẹ́ sì ń dùn yín, tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá mọ́, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má ka ìwé yìí síwájú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé, nítorí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lè fara hàn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan

Owó ni àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe owó oògùn nìkan. Ẹni tó ń ti Àbígí wá sí Ṣàgámù lẹ́ẹ̀mẹ́fà, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà tó pàdánù lè ju owó oògùn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bó ṣe dájú tó: ṣé wọ́n ti fi í wé oògùn asán tí kò ní nǹkan nínú, àbí ẹnu lásán ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀? Mo tún ń wo ìgbà tó máa gbà. Ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú wọ̀nyí kò mọ kánmọ́kánmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ kó jókòó ti régbérégbé rẹ̀ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo gbé lé orí gbogbo rẹ̀ ni pé, bí kò bá yín mu, ṣé ẹ lè padà lẹ́yìn? Oúnjẹ tí ẹ yọ kúrò, ẹ lè dá a padà lọ́la. Àpò ìtọ̀ tí wọ́n bá gé, ó gé náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àpò ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà tún ìlànà wọn ṣe ní 2022, wọn ò tò ó bí àtẹ̀gùn mọ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gun ọ̀kan kí ẹ tó dé èkejì. Ara ẹni kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n wò. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbi tí àpò owó wa ti fẹ́lẹ́ yìí, mo ṣì rò pé èyí tó rọrùn tó sì ṣeé dá dúró ló yẹ kó ṣíwájú.

Oògùn apakòkòrò léraléra

Òun ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń sáré sí, èmi tó ń tà á náà ò yọ ara mi sílẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lò ó tán. Bí kòkòrò kò bá sí, kò sí ohun tó fẹ́ pa. Ìlànà tí mo mẹ́nu bà yẹn sọ gbangba pé kí wọ́n má fi oògùn apakòkòrò ọlọ́jọ́ gbọọrọ tọ́jú bárakú yìí. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún káàkiri fún "sítáfù" lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́. Ciprofloxacin lè mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ já. Kí nìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé ara àwọn yá lẹ́yìn rẹ̀? Àìsàn yìí máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn kì í wá oògùn àfi lọ́jọ́ tó bá le jù, nígbà tó bá sì rọlẹ̀, oògùn ló ń gba ọpẹ́.

Tí ẹ bá ṣírò iye tí ẹ ti ná sórí rẹ̀ láàárín ọdún kan, ó lè jẹ́ òun ló gbówó lórí jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ.

Àgbo

Mi ò kórìíra àgbo, ìyá mi àgbà fi tọ́ wa. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ti àpò ìtọ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Èyí tí wọ́n fi omídùn rẹ, ó kan. Ọtí àti ohun kíkan sì wà lára ohun tó ń ta àpò ìtọ̀ tó ti bó. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú igò, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè sọ bóyá ó pọ̀ jù fún kíndìnrín. Ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀, kó jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó ń mu, kó má sì pò ó mọ́ oògùn òyìnbó.

Oúnjẹ, omi àti kíkọ́ àpò ìtọ̀

Níbí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn tù láì ná owó.

Ẹ ra ìwé ìdárayá kan àti ife onílà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tọ̀, ẹ kọ aago sílẹ̀ àti iye tó wà nínú ife. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà tí kò ní ìṣòro lè gba 400 sí 500 mílílítà, ìyẹn bí ọ̀rá omi piọ́wọ́tà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ń tọ̀ ju ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Ìwé ti ìyá olóbì yẹn ṣì wà lójú mi: ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí, bírò pupa. Ní ọjọ́ kan, ìgbà 23. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ 120 mílílítà, èyí tó kéré jù ò ju 40 lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ "obì", "obì", "obì", láti aago méje àárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó ń ṣa obì, tó ń bó o, tó ń tò ó sínú agbọ̀n, á máa gé e jẹ. Obì ní káféènì nínú, bíi kọfí àti tíì, káféènì sì wà lára ohun tó ń ru àpò ìtọ̀ sókè jù lọ. Ní Rẹ́mọ níbi, tí obì kì í ti í wọ́n nílé, èmi fúnra mi kò tíì ronú kàn án rí.

Ohun mìíràn tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ata, tòmátò, ọsàn àti òroḿbó, ọtí, mínírà aládùn tó ń hó, àti ṣúgà àtọwọ́dá inú àwọn ohun mímu tí wọ́n ní kò ní ṣúgà. Zóbò kan. Àgbálùmọ̀ kan. Gààrí Ìjẹ̀bú náà kan, kíkan yẹn gan-an la sì ń torí rẹ̀ rà á! Mi ò sọ pé kí ọmọ Ìjẹ̀bú kọ gààrí sílẹ̀ títí láé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ta gbogbo èèyàn. Ẹ yọ wọ́n kúrò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ta yín ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ ìyókù. Ní àkókò náà, ìrẹsì, iṣu, ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ kéré, adìyẹ, àti ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ dín ata rẹ̀ kù kò sábà ní wàhálà. Ata inú ìkọ́kọrẹ́ ni kí ẹ fura sí, ewùrà fúnra rẹ̀ kò kan.

Ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn káńtà: ẹ fi fítámì C oníkíkan tí ẹ ń mu lójoojúmọ́ sílẹ̀ ná. Omi èso cranberry tí wọ́n ń júwe lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún infẹ́ṣọ̀n lè mú ti bárakú yìí burú sí i.

Ẹ má fi omi du ara yín. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà kì í mu omi kí wọ́n má baà wá ibi tí wọ́n á tọ̀ sí. Ìtọ̀ á wá ki, á sì máa ta awọ náà sí i. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kí ẹ dín in kù lálẹ́. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ Ramadan gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, kó sì pín omi rẹ̀ dáadáa láàárín ìṣínu àti sààrì.

Lẹ́yìn náà ni kíkọ́ àpò ìtọ̀. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ẹ ń tọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, ẹ gbìyànjú kó di ìṣẹ́jú márùn-ún-lé-lógójì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tún di wákàtí kan. Bí ìrora bá le, ẹ dá a dúró, ẹ má fi agbára ṣe é. Ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé lórí abẹ́ ìdodo máa ń tu àwọn kan lára. Omi tútù ló ń tu àwọn mìíràn.

Ó dájú tó? Ẹ óò rí ẹ̀rí rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ oògùn kan tó ń jẹ́ amitriptyline. Kò ní ewu, ẹ sì lè padà lẹ́yìn nígbàkígbà. Sùúrù ló ń gbà.

Fisiotẹ́rápì iṣan ìsàlẹ̀ ikùn

Nígbà tí àpò ìtọ̀ bá ń dunni fún oṣù, iṣan tó gbé e ró nísàlẹ̀ á máa dì, á le kọrọngídí, ìrora tirẹ̀ á wá kún ti àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tó mọ iṣẹ́ náà á máa tẹ̀ ẹ́, á máa tú u, láti ìta àti láti inú ojú ara. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, tí obìnrin 81 kópa nínú rẹ̀, 59 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe irú ìtọ́jú yìí fún ló ní ara àwọn yá, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n kàn wọ́ gbogbo ara fún jẹ́ 26. Mi ò mọ oògùn oníkóró kan fún bárakú yìí tí àǹfààní rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fi wé e hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀ bóyá ẹni tó mọ iṣan ìsàlẹ̀ ikùn wà níbẹ̀, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé obìnrin ni ẹ fẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ máa fún ojú ara pọ̀ bíi ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Iṣan tó ti le ni tiyín, títú ló ń fẹ́. Fífún un lè dá kún un.

Amitriptyline

Oògùn yìí wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò, alẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń lò ó. Dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 10 tàbí 25 miligíráàmù, á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ń pa ariwo iṣan ìrora rọlẹ̀, ó ń jẹ́ kí èèyàn sùn, ó sì ń dín ìtọ̀ alẹ́ kù.

Ìṣòro tí mo máa ń bá pàdé ni orúkọ tó wà lórí páálí. Ọmọkùnrin kan dá káàdì oògùn ìyá rẹ̀ padà sórí káńtà mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti ka orúkọ oògùn náà lórí fóònù, ó rí i pé oògùn ìbànújẹ́ ọkàn ni, ó ní ṣé ìyá òun ya wèrè ni. Mo gbé àga fún un. Mo fi hàn án pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ìyá rẹ̀ kéré sí ti ìbànújẹ́ ọkàn, àti pé iṣan ìrora ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún ẹsẹ̀ tó ń jó alátọ̀gbẹ. Ó gbé e padà sílé.

Nínú ìwádìí kan ní 2010, wọ́n kọ́ gbogbo àwọn tó kópa nínú rẹ̀ ní ìṣọ́ra oúnjẹ àti kíkọ́ àpò ìtọ̀, wọ́n wá fún apá kan ní amitriptyline, wọ́n fún apá kejì ní oògùn asán. 55 nínú 100 àwọn tó lo oògùn gidi ló ní ara àwọn yá, 45 ni ti oògùn asán. Àlàfo yẹn kò tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ara wọn gbà á dé 50 miligíráàmù, ó di 66 sí 47. Ẹ wo 45 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: oògùn asán ni wọ́n mu, tí wọ́n sì ń ṣọ́ oúnjẹ wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ara wọn yá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oògùn yìí láì gbé ìwé ìdárayá.

Ó ń mú oorun wá, ó ń gbẹ ẹnu, ó ń di ìgbẹ́, ó sì lè mú èèyàn sanra. Awakọ̀ tó ń tọ ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ ní ìdájí gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, gúlókómà, tàbí tó lóyún kò gbọ́dọ̀ dá a lò. Ẹ má sì dá a dúró lójijì.

Hydroxyzine àti cimetidine náà wà, dókítà lè gbìyànjú wọn fún ẹni tí amitriptyline kò bá bá lára mu. Ẹ̀rí tiwọn kéré.

Pentosan

Pentosan polysulfate ni oògùn oníkóró kan ṣoṣo tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún bárakú yìí, láti 1996. Wọ́n ní ó ń tún ohun yíyọ̀ orí awọ yẹn ṣe. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni, 100 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó wọ́n gan-an, kì í sì í ṣe orí pẹpẹ kẹ́míìsì àdúgbò ni ẹ óò ti rí i. Ìwádìí kan ní 2015 fi í wé oògùn asán, kò sì ta á yọ. Ní 2020, wọ́n fi ìkìlọ̀ kún un pé ó lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ lára ẹni tó bá lò ó pẹ́. Kí dókítà ojú wo yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa wò yín lẹ́yìn náà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí owó ń ni lára kó má yá owó nítorí rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀

Wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ wọlé, wọ́n á da oògùn náà sínú, ẹ ó dì í mú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tó tọ̀ ọ́ jáde. DMSO ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978. Àwọn dókítà mìíràn ń lo oògùn apanilára lidocaine tí wọ́n pò mọ́ sodium bicarbonate, pẹ̀lú heparin. Ti lidocaine lè mú ìrora rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dára fún ọjọ́ tí ìrora bá fẹ́ pani. DMSO lè kọ́kọ́ ta gan-an, èémí àti ara yín á sì máa rùn bí áyù, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹni tó ń dúró níwájú oníbàárà mọ èyí ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìpẹ́rú tàbí Ṣàgámù, ó rọrùn fún un ju ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ.

Yàrá iṣẹ́ abẹ

Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ojú ìtọ̀ wọlé ló ń fi egbò Hunner hàn. Bí ó bá wà, wọ́n lè jó o pa, tàbí kí wọ́n gún oògùn triamcinolone sí i. Lára ẹni tó ní egbò yìí, mi ò mọ ìtọ́jú tó ń yára mú ìrora rọlẹ̀ tó o. Egbò náà lè padà wá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wọ́n á sì tún un jó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé, bí ẹ bá ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ tí ìrora yín sì le gan-an, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó béèrè kámẹ́rà yìí.

Wọ́n tún ń fi omi fẹ àpò ìtọ̀ nígbà tí aláìsàn bá sùn. Ó ń tu àwọn kan lára fún oṣù díẹ̀. Abẹ́rẹ́ Botox inú àpò ìtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ má lè dá jáde fún ìgbà kan, kí ẹ máa fi rọ́bà gbà á fúnra yín. Ẹ̀rọ tó ń ta iṣan ìdí jí gbówó lórí ju gbogbo ìyẹn lọ. Yíyọ àpò ìtọ̀ tàbí yíyí ọ̀nà ìtọ̀ padà ni ìpẹ̀kun, ìrora sì lè ṣẹ́kù sára àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀.

Fún gbogbo èyí, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni kí ẹ lọ. A ní ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, UCH wà ní Ìbàdàn, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà, Èkó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà àpò ìtọ̀ ń jókòó kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mú ìwé ìdárayá yín dání.

Ta ni kó yan èwo?

Bí àìsàn yín kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹ sì ṣì ń ṣiṣẹ́ yín, oúnjẹ àti kíkọ́ àpò ìtọ̀ nìkan ni kí ẹ fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, kí ẹ lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́.

Ẹni tí oorun ti sá fún, tó ń jí lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru, kó fi amitriptyline kún un lọ́wọ́ dókítà. Ohun tí ìyá olóbì yẹn yàn nìyí. Ó fi obì sílẹ̀ ní jíjẹ, kò fi í sílẹ̀ ní títà, ó wà lórí 25 miligíráàmù, ìgbà mẹ́sàn-án ló sì kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó mú un wá gbẹ̀yìn. Ìrora náà ṣì ń bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin tí ìbálòpọ̀ ń fún ní ìrora, tí ìdí àti itan rẹ̀ máa ń le, fisiotẹ́rápì ni kó kọ́kọ́ wá, pàápàá tó bá lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́yàn tí kò fẹ́ oògùn. Kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa oyún náà ṣáájú.

Ẹni tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn, tí oògùn ẹnu kò ṣiṣẹ́ fún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó béèrè oògùn tí wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀. Àgbàlagbà tí ìrora rẹ̀ le, kámẹ́rà ni kó béèrè, kí wọ́n wá egbò Hunner. Pentosan wà fún ẹni tó lówó rẹ̀, tó lè dúró fún oṣù mẹ́fà, tí ojú rẹ̀ sì dá. Ọkùnrin tí wọ́n ti fún ní oògùn próstéètì fún ọdún kan tí kò sàn, kó dárúkọ àìsàn yìí fún dókítà rẹ̀ kó tó ra páálí mìíràn.

Ẹni tí kò ní owó kankan lóṣù yìí, kó wá ife onílà àti bírò. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìtọ̀ àárọ̀ ọ̀la, kó kọ aago rẹ̀ sílẹ̀.